Ìka Kì í Kàwé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Pira àti ní gbogbo agbègbè Bantè, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ wa kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn àgbà kan náà kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ ó kà á fúnra yín, ẹ ó sì dá mi lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà, ẹni tó ń yá owó, ẹni tó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, kò gbọdọ̀ tẹ ìka sí ìwé tí kò yé e. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan níbi tí owó bá wà. Mo ní "kò gbọdọ̀". N kò ní "ó yẹ".

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kajú, torí òun ló ń bọ́ púpọ̀ nínú wa. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni à ń ṣa kajú. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé àwọn ọmọ kì í dúró de oṣù kejì. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ni wọ́n ń béèrè rẹ̀, nígbà tí igi kajú kò tíì yọ òdòdó. Ìgbà náà gan-an ni ọkùnrin kan máa ń gun alùpùpù wá sí agbo ilé. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó mú owó jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹ gba èyí ná. Bí kajú bá dé, ẹ ó fún mi ní àpò mẹ́wàá." Bàbá dúpẹ́. Ọkùnrin náà mú kàyé jáde, ó kọ nǹkan sí i ní èdè Faransé, ó ní kí bàbá tẹ ìka sí ìsàlẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ó kọ síbẹ̀? Bàbá kò mọ̀. Kàyé náà sì bá alùpùpù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, bí a ti ń ṣe é lójú pátákó. Ká ní ọkùnrin náà san 15.000 sẹfà lórí àpò kan, tí àpò náà sì jẹ́ 80 kílò. Ẹ pín in, kílò kan kò tó 190 sẹfà. Ká ní nígbà tí kajú dé, 300 sẹfà ni wọ́n ń ra kílò kan. Àpò kan di 24.000 sẹfà. Bàbá ti pàdánù 9.000 lórí àpò kan, 90.000 lórí àpò mẹ́wàá. Ó gba 150.000 ní oṣù kẹwàá, ó sì fi ẹrù 240.000 san án ní oṣù kẹta. Oṣù márùn-ún péré ni.

Ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹfà kan náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Benin wà lára wọn, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2014. Ó ní àwọn ilé ìyáwó kéékèèké kò gbọdọ̀ gba èlé tó ju 24 lórí 100 lọ ní ọdún kan. Èyí tí bàbá wa san jẹ́ 60 lórí 100, kò sì tó ìdajì ọdún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè é ní èlé. "Kajú ni mo rà" ni ọkùnrin náà ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà, 90.000 sì sọ nù.

Oníkajú yóò ní, "Bí iye kajú bá wálẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo pàdánù?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Kajú máa ń wọ́n ní ọdún kan, ó sì máa ń pọ̀ ju nǹkan lọ ní ọdún míràn. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iye bá wálẹ̀. Ọkùnrin alùpùpù kì í wá mọ́. Àwọn àpò á jókòó sí yàrá, eku á máa jẹ wọ́n, bàbá á máa wo ojú ọ̀nà Bantè. Bí ó bá sì pe ọkùnrin náà lórí fóònù, wọn á ní nọ́ńbà náà kò lọ. Kí nìdí? Torí pé ohun tí bàbá jẹ ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n kọ sínú kàyé. Wọn kò kọ ohun tí ọkùnrin náà jẹ bàbá. Wọn kò kọ ọjọ́ tí yóò wá. Wọn kò kọ ẹni tí yóò mú àpò wá. Wọn kò kọ ìwọ̀n ẹni tí wọn yóò lò, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ̀n méjì kì í sọ ohun kan náà ní Pira yìí.

Lọ́dọọdún ni ìjọba ń kéde iye tó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ ra kílò kajú kan. Rédíò ń sọ ọ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba tún ní kí a má kó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò ní Benin mọ́, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti Glo-Djigbé máa fọ́ ọ níhìn-ín. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni iye tí ìjọba kéde fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti ta kajú rẹ̀ nígbà tí òdòdó kò tíì yọ?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba owó sílẹ̀. Ebi ń pa èèyàn, ọmọ ń ṣàìsàn, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti gbà á rí. Mo ní kí a kọ ọ́, kí a kọ ọ́ ní apá méjèèjì, kí a sì kà á kí a tó fọwọ́ sí i.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwọn àgbà wa. Ẹ máa ń sọ pé, "Ọmọ ìyá kì í kọ̀wé fún ara wọn." Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ìwé kò gba èèyàn gbọ́, pé àwọn bàbá wa kò kọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n jẹun. Ẹ dárí jì mí, bàbá mi. Àwọn bàbá wa kò kọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àdéhùn, àdéhùn wọn sì le ju tiwa lọ. Bí ẹnìkan bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà láyé àtijọ́, ṣé abẹ́ igi ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́? Rárá. Onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n sọ iye owó. Wọ́n sọ ọjọ́ tí ìwọ̀fà yóò máa lọ sí oko olówó àti àkókò tí yóò máa padà. Gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni, pé kò dín owó náà kù. Àdéhùn líle ni, ó sì burú fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò yé. Obì tí a ń pa níwájú ẹlẹ́rìí, kí ni a fi ń ṣe? Kí ẹlẹ́rìí lè rántí ni. Ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í kú, tí kì í sì í ṣí lọ sí Nàìjíríà. Nígbà tí ẹlẹ́rìí bàbá yín kú, ẹ̀yin mélòó lẹ ti jà lórí igi kajú?

Ẹ tún máa ń sọ pé ìwé jẹ́ ẹ̀tàn òyìnbó. Òótọ́ ni pé òyìnbó ti fi ìwé rẹ́ wa jẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, wọ́n gbé ìwé kan síwájú Dòsùnmú, ọba Èkó. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lórí omi tó ń wò ó. Ọba fa àgbélébùú sí ìwé náà, torí pé kò lè kọ orúkọ rẹ̀, Èkó sì di ti ọbabìnrin ìlú òyìnbó. Kò pẹ́ tí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ránṣẹ́ pé ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí àwọn fọwọ́ sí i. Ó ti bọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, àwọn Faransé mú ìwé ọdún 1868 àti ti ọdún 1878 jáde, wọ́n ní ọba Dànhọ̀mẹ̀ ti fi Kútọnu fún àwọn. Àwọn ará Àgbómẹ̀ ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ogun ní ọdún 1890.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, torí ìtàn náà kò parí. Ní Èkó kan náà, lẹ́yìn bí àádọ́ta ọdún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀ dá a láre. Wọ́n ní ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, nítorí náà ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà fún àwùjọ tó ni ín. Báwo ni ó ṣe borí? Ó ka ìwé ọdún 1861 náà ju bí àwọn tó kọ ọ́ ti kà á lọ. Ìwé tó rẹ́ bàbá jẹ, òun náà ni ọmọ fi gba nǹkan padà. Torí náà, ẹni tó bá ní kí a sá fún ìwé, ó ń sọ pé kí a fi ìwé sílẹ̀ fún ọkùnrin alùpùpù nìkan.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi báyìí, kí ẹ má baà rò pé mo dúró lókè tí mo ń wò yín nísàlẹ̀. Sẹ̀tífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní. Mo lè ka Faransé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kà á, bí ẹni ń gun òkè. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ fẹ́ yá owó láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Ilé ìyáwó kan ní kí ó mú onídùúró wá. N kò ní dárúkọ ilé náà. Mo tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n gbé ìwé síwájú mi, ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó níwájú mi ń wo aago rẹ̀. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ èèyàn níwèé, ṣé kí wọ́n rí mi níbẹ̀ tí mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀, "solidaire". Mo máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìṣọ̀kan ni, pé kí a fẹ́ràn ara wa. Mo fọwọ́ sí i.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nínú ìwé yẹn ni pé, bí ọ̀rẹ́ mi kò bá san, wọn kò ní láti kọ́kọ́ lépa ohun ìní rẹ̀. Wọ́n lè wá bá mi tààrà, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo jẹ owó náà. Ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n wá bá mi. Ewúrẹ́ mẹ́ta lọ síbẹ̀, àgbàdo lọ síbẹ̀, owó kajú ọdún kan gbáko lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọdún náà. Ó padà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí òfin sọ. Benin wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó ń lo òfin òwò kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní OHADA. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ní Port-Louis, ní erékùṣù Mauritius. Òfin náà sọ pé onídùúró gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó tó ga jù lọ tí òun dúró fún, kí ó kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà. Bí kò bá mọ̀wé kọ, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́rìí náà ju pé kí wọ́n jókòó lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sínú ìwé náà pé òun ni lóòótọ́, pé ó wà níbẹ̀, àti pé a ti ṣàlàyé fún un ohun tí ìwé náà jẹ́ àti ohun tó lè mú bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró fún gbèsè ẹlòmíràn, ṣé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín? Ta ni ẹlẹ́rìí yín? Ẹni tí ẹ mú wá ni, àbí akọ̀wé ilé ìyáwó náà?

Òfin OHADA kan náà sọ ohun kan tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Àdéhùn láàárín oníṣòwò àti oníṣòwò láti ta ọjà, a lè ṣe é lẹ́nu, a sì lè kọ ọ́. Èyí tí a ṣe lẹ́nu náà, àdéhùn ni. Àwọn kan á wá fò sókè: "Ẹ gbọ́, olùkọ́! Ọ̀rọ̀ ẹnu tó!" Ẹ dúró ná. Ó dè yín bí okùn, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, ta ni yóò sọ bí okùn náà ti gùn tó? Ẹni tó ní ìwé yóò mú ìwé jáde. Ẹ̀yin yóò mú ẹnu jáde.

Èdè wo ni kí a fi kọ ọ́? Èyí ni wọ́n ń bi mí jù. Ẹ fi Nàgó kọ ọ́! Òfin kò ní kí àdéhùn títà àti rírà wà ní Faransé kó tó lè jẹ́ àdéhùn. Òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa sọ èdè rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ ní Savalou, Faransé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, a ó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ó sàn kí adájọ́ wá ògbufọ̀ ju kí olóko wá ògbufọ̀ nínú ilé ara rẹ̀ lọ.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó lọ sí ilé ìwé ńlá, tí wọ́n ń gba 500 sẹfà láti bá èèyàn kọ̀wé. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá kọ ìwé fún ìyá kan tí ẹ kò kà á fún un ní èdè rẹ̀ títí yóò fi yé e, owó náà kò tọ́ sí yín. Mo ti rí ìwé tí ìyá kan rò pé òun fi yá ilẹ̀ fún ènìyàn fún ọdún mẹ́ta. "Mo tà á" ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni ìwé tó dára ṣe ń rí? Kò gùn. Ojú ewé kàyé kan tó. Èyí ni ọ̀kan tí a kọ ní kíláàsì wa:

"Ní Pira, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Èmi olóko gba 100.000 sẹfà, ọ̀kẹ́ márùn-ún, lọ́wọ́ olùrà. Ní oṣù kẹta, n óò ta kajú gbígbẹ fún un. Iye kílò kan yóò jẹ́ iye tí wọ́n ń rà á ní Pira ní ọjọ́ tí a bá wọ̀n ọ́n, kò sì ní dín sí iye tí ìjọba kéde. Olùrà yóò yọ 110.000 kúrò nínú owó mi, èyí ni 100.000 tó fún mi àti èlé 10.000. Kò sí èlé míràn. Olùrà ni yóò mú àpò wá. Ìwọ̀n tí àwa méjèèjì fẹnu kò sí ni a óò lò. Bí olùrà kò bá tíì wá nígbà tí oṣù kẹta parí, mo lè ta kajú mi fún ẹlòmíràn, n óò sì dá 100.000 rẹ̀ padà láìsí èlé. Bí iná ìgbẹ́ bá jó oko, n óò san 100.000 ní ọdún kejì. Ìwé méjì ni a kọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan."

Ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, orúkọ abúlé yín, àti nọ́ńbà káàdì yín, kí olùrà náà kọ tirẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ẹ wo èlé tí a kọ síbẹ̀: 10 lórí 100 fún oṣù márùn-ún. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún oṣù méjìlá, 24 gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́. Olùrà rí èrè, olóko kò kú. Ẹ má sì gbàgbé ìwé kejì náà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà lè fi 1 kan kún un lálẹ́.

Ti ọmọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó mú ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ tàbí irun, kí ó kọ iye ọdún, kí ó kọ owó tí yóò san àti èyí tí wọn yóò gbà ní ọjọ́ ìdásílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan máa ń rántí owó tuntun ní ọ̀sẹ̀ ìdásílẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi mú ìwé tí a kọ ní kíláàsì yẹn síwájú ọkùnrin alùpùpù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní àkókò fún ìwé ọmọdé. Ó ti owó rẹ̀ padà sínú àpò, ó jáde, ó sì wọ agbo ilé kejì. Wọ́n tẹ ìka fún un níbẹ̀ kí ìyá náà tó gbé omi tó bù fún un wọlé. Àjọ ló padà ràn án lọ́wọ́. Títí di òní, àwọn ara ilé kejì ń bi í pé kí ló dé tó fi lé oore sá.

Torí ilé kejì yìí ni mo ṣe kọ gbogbo èyí. Bí ìyá kan bá béèrè ìwé, ọkùnrin náà yóò kọjá. Bí gbogbo agbo ilé tó wà ní ọ̀nà náà bá béèrè rẹ̀, ibo ni yóò kọjá sí? Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ mú gbogbo ìwé tó wà nínú àpótí yín wá sí kíláàsì, ti kajú, ti ilẹ̀, ti ilé ìyáwó, ti ọmọ iṣẹ́. Ẹ mú àwọn ará ilé kejì náà dání. Èmi yóò mú ojú ewé mẹ́rin tèmi wá, òun la ó kọ́kọ́ kà.